Yíyan Àwọ̀ fún Odidi Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Orí Tábìlì

Ère kan ṣoṣo kì í jagun. Nínú eré ogun orí tábìlì, níbi tí a ti ń fi ère kékeré jagun, ogún ni, ọgbọ̀n ni, ìgbà mìíràn wọn a lé ní ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn á sì tò síwájú ẹni lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀ tó rẹwà lára ère tí ẹ gbé sọ́wọ́ lè di rúdurùdu nígbà tí ogójì irú rẹ̀ bá dúró pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà ló ń kọ́ni bí a ṣe ń kun ère kan kó dùn-ún wò látìtòsí. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí a ṣe ń yan àwọ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ á wọ̀, tí ẹni tó wà ní òdìkejì tábìlì á rí kedere, tí apá yín á sì ká láti kun láti orí ti àkọ́kọ́ dé orí ti ìkẹyìn.

Ère tó wọ́pọ̀ jù ga tó mílímítà 28. Ẹ gbé ọ̀kan kalẹ̀, kí ẹ sún sẹ́yìn tó mítà kan, nítorí ibẹ̀ lojú máa ń wà nígbà tí eré bá ń lọ. Ohun tí ojú á kọ́kọ́ mú ni ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa tó mọ̀ bóyá pupa ni tàbí búlúù. Bọ́tìnì àti ìpéǹpéjú kò tilẹ̀ hàn rárá. Bí ojú ṣe ń tò wọ́n yẹn náà ni kí ẹ tẹ̀lé bí ẹ bá ń yan àwọ̀.

Ṣé ìtàn ti yan án fún yín?

Bí ogun tí ẹ fẹ́ jà bá jẹ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ rí, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Láyé Napoleon, ẹ̀wù búlúù ni àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Faransé ń wọ̀, ti Austria jẹ́ funfun, ti Rọ́ṣíà jẹ́ àwọ̀ ewé tó ṣú, ti Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ pupa. Ibi tí wàhálà wà ni pé búlúù ni Prussia, ìjọba Jámánì àtijọ́ kan, náà ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ Prussia àti Faransé kojú ara wọn ní Waterloo lọ́dún 1815. Bí ẹ bá fi búlúù kan náà kun ẹgbẹ́ méjèèjì, ẹ ó máa bi ara yín léèrè pé ta ló ni ta. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ti Prussia ṣú débi tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú, kí ẹ fún wọn ní ṣòkòtò aláwọ̀ eérú. Kí ti Faransé mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, kí funfun iwájú ẹ̀wù wọn sì hàn ketekete. Ẹ kò yí ìtàn padà. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan lẹ fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà mìíràn ìtàn fúnra rẹ̀ a máa ṣàánú ẹni. Ẹ̀wù àwọn ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn pupa fòò, ti àwọn ọmọ ogun lásán pupa bàì, nítorí pé aró tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ kun wọ́n bẹ́ẹ̀, ọ̀gá á dá yàtọ̀ láàrin èrò láìjẹ́ pé ẹ lo àwọ̀ tuntun kankan. Bákan náà, ọrùn ẹ̀wù àti ẹnu apá yàtọ̀ láti rẹ́jímẹ́ǹtì kan sí èkejì, ìyẹn ni pé ibi kékeré méjì péré ni ẹ máa yí padà kí ẹgbẹ́ kan tó yàtọ̀ sí òmíràn.

Ẹ ṣọ́ ọdún o. Oṣù February 1943 ni ọmọ ogun Jámánì pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi yẹ́lò tó ṣú kun ọkọ̀ ogun wọn, kí àwọn tó ń lò ó wá fi àwọ̀ ewé àti pupa bí ilẹ̀ ṣe àbàwọ́n lé e lórí. Nítorí náà, ọkọ̀ Jámánì tó ń jagun ní Faransé lọ́dún 1940 kò lè wọ yẹ́lò yẹn. Eérú tó ṣú ni tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣì í, àwọn tó mọ ìtàn kò ní jẹ́ kí ẹ gbádùn eré yín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kódà níbi tí ìtàn ti sọ àwọ̀, ẹ má kun ún bó ṣe rí lára aṣọ gidi. Nǹkan kékeré a máa ṣókùnkùn lójú ju ńlá lọ. Ẹ fi àwọ̀ tó mọ́ díẹ̀ lù ú fún mílímítà 28. Fún mílímítà 15 kí ó tún mọ́ sí i. Fún mílímítà 6, ẹ má bẹ̀rù àwọ̀ tó pariwo, torí bí ẹ bá gbé e sọ́wọ́ ó lè jọ àṣejù, ṣùgbọ́n lórí tábìlì á kàn wà bó ṣe yẹ ni.

Bí ogun yín bá jẹ́ ti àròsọ, ẹ lómìnira, òmìnira yìí ló sì ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lójú kan. Àwọ̀ tó wà lára páálí ère, ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Kò sí òfin tó ní kí àwọn Space Marines, àwọn jagunjagun oníhàámọ́ra inú eré àròsọ Warhammer 40,000, jẹ́ búlúù nítorí pé búlúù ni Ultramarines, ẹgbẹ́ kan nínú wọn, wọ̀. Tèmi ni pé kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo dání kí ẹ tó ṣí ìgò ọ̀dà: irú ilẹ̀ tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ti wá, tàbí bí ẹ ṣe fẹ́ kí ọ̀tá rò nígbà tó bá rí wọn. Ohun méjì ti pọ̀ jù.

Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ṣáájú

Albert Munsell, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ oníṣẹ́ ọnà àti olùkọ́, pín àwọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún: irú àwọ̀ tó jẹ́, bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, àti bó ṣe ń ké tó. Ìmọ́lẹ̀ ni ó fi nọ́ńbà wọ̀n láti 0, tó jẹ́ dúdú, dé 10, tó jẹ́ funfun. Àkàbà yìí ni mo máa ń fi ṣe gbogbo ìṣirò mi. Àwọ̀ tó gba ibi tó pọ̀ jù lára ère àti àwọ̀ tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ jìnnà síra tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán. Bí wọn kò bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀, wọn á pòórá sínú ara wọn lókèèrè, bó ti wù kí orúkọ wọn yàtọ̀ tó.

Ẹ kò nílò irinṣẹ́ kankan láti mọ̀ ọ́n. Ẹ kun àwọ̀ tí ẹ ń gbèrò sórí páálí funfun, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ya á ní fọ́tò pẹ̀lú fóònù, kí ẹ wá yọ àwọ̀ kúrò nínú fọ́tò náà kí ó ku dúdú àti funfun. Yóò yà yín lẹ́nu bí pupa àti àwọ̀ ewé ṣe máa ń di eérú kan náà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán: láàrin àwọn tí ìran wọn wá láti àríwá Yúróòpù, bí ọkùnrin kan nínú méjìlá ni kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ẹ jọ ń ṣeré jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sí ohun tó máa pàdánù.

Kí ẹ tún rántí pé òkè ni a ti ń wo ère. Orí, èjìká àti ẹ̀yìn aṣọ ìlékè ni ojú ń bá pàdé. Bàtà kò sí nínú ọ̀rọ̀. Àwọ̀ tó máa sọ pé “ẹgbẹ́ kan náà ni wá” gbọ́dọ̀ wà lókè ìgbànú. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí wọ́n kun ṣòkòtò wọn pẹ̀lú sùúrù tó kàmàmà, tí àṣíborí gbogbo wọn sì jẹ́ irin eérú lásán. Lórí tábìlì, irin nìkan lèèyàn ń rí.

Àwọ̀ mẹ́ta

Ẹ mú mẹ́ta. Ìkíní á gba bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ara ère, ìkejì ìdá 30, ìkẹta ìdá 10. Kò sẹ́ni tó ń fi rúlà wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ìpín náà ń gbani lọ́wọ́ àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, ìyẹn àwọ̀ méjì tó pín ara ère ní ọgbọọgba tí wọ́n wá ń bá ara wọn jà.

Bí ẹ bá to àwọ̀ yí ká òbírí, pupa kojú àwọ̀ ewé, búlúù kojú àwọ̀ ọsàn, yẹ́lò kojú elése àlùkò. Àwọn tó kojú ara wọn máa ń mú ara wọn gbóná. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ń bára wọn rẹ́. Ìlànà tí mo fọkàn tán jù ni kí ìkíní àti ìkejì wá láti ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí ìkẹta tó kéré wá láti òdìkejì. Kí ìkíní jẹ́ àwọ̀ tó rọlẹ̀, tó ní eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ nínú, kí ìkẹta jẹ́ èyí tó ń ké. Bí èyí tó pọ̀ jù bá tún ń ké, kò síbi tí ojú máa sinmi sí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ díẹ̀ tó ṣiṣẹ́. Àwọ̀ ewé tó ṣú tó sì ní eérú nínú fún ẹ̀wù, àwọ̀ egungun fún aṣọ ìlékè, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n fún ìyẹ́ orí àti àmì èjìká. Tàbí àwọ̀ egungun fún ìhámọ́ra, pupa tó ṣú fún aṣọ, kí búlúù tó fẹ́ di ewé wá wà lójú idà àti lára gíláàsì ìbọn. Tàbí búlúù tó ṣú fún ìhámọ́ra, eérú tó mọ́ fún aṣọ, yẹ́lò fún orúnkún kan ṣoṣo àti nọ́ńbà. Ẹ kíyè sí i pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan ṣú, ọ̀kan mọ́, ọ̀kan ń ké.

Àwọ̀ kékeré yẹn, ẹ fi sẹ́bàá ojú tàbí ohun ìjà, nítorí ibẹ̀ lẹ fẹ́ kí wọ́n wò. Ẹ má fi sí bàtà.

Awọ, igi àti irin kò sí lára mẹ́ta tí a ń kà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n wà. Bí àwọ̀ ẹgbẹ́ bá ń fà sí pupa àti yẹ́lò, kí awọ jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n, kí irin jẹ́ wúrà tàbí bàbà. Bí ó bá ń fà sí búlúù, kí awọ ní eérú nínú, kí irin jẹ́ fàdákà. Wúrà lórí búlúù náà máa ń dára, torí yẹ́lò tó wà nínú rẹ̀ ń kojú búlúù, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ìwọ̀nba. Irin oríṣi kan ni kó pọ̀ níbẹ̀. Wúrà, bàbà àti fàdákà pa pọ̀ lára ère kan ń sọ ọ́ di ọjà alágbẹ̀dẹ.

Ẹ dán an wò lára ère mẹ́ta

Michel Chevreul ló ń bójú tó iṣẹ́ aró ní ilé iṣẹ́ Gobelins ní Paris nígbà tí àwọn kan ń ráhùn pé aró dúdú ibẹ̀ kò dúdú tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò sí ohun tó ṣe aró náà. Àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bà á jẹ́ lójú. Lọ́dún 1839 ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ohun tí èyí jẹ́ fún wa ni pé ẹ kò lè mọ bí àwọ̀ kan á ṣe rí nípa wíwo ìdérí ìgò. Ó di ìgbà tí ó bá dúró ti àwọn yòókù.

Ẹ mú ère mẹ́ta tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ka sí, kí ẹ kun wọ́n ní àwọ̀ lásán, láìsí òjìji (ọ̀dà tó ṣú nínú kòtò ara ère), láìsí ìmọ́lẹ̀ etí (ìlà tó mọ́ tí a ń fà sí etí ibi tó yọ síta). Ẹ tò wọ́n pọ̀ lórí tábìlì tí ẹ ti ń ṣeré, lábẹ́ iná tí ẹ ń lò níbẹ̀. Gílóòbù tó ń tan yẹ́lò máa ń pa búlúù, ó sì ń mú pupa gbóná. Bí ẹ bá ń kun níbi iná kan tí ẹ sì ń ṣeré níbi òmíràn, ẹ fi ti ibi eré dá ẹjọ́. Bí nǹkan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ yí ẹyọ kan padà, kí ẹ tún wò ó. Ẹni tó bá yí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó tún un ṣe.

Ìlànà fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan

Ìgbà yìí ni ìwé kékeré wọ ọ̀rọ̀. Fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ọ̀dà ìpìlẹ̀, ti òjìji àti ti ìmọ́lẹ̀ etí, pẹ̀lú iye omi tí ẹ fi là á. Ọ̀dà tí a fi omi là, tí a kùn lẹ́ẹ̀mejì, sàn ju èyí tó ki tí a kùn lẹ́ẹ̀kan, torí èyí tó ki ń bo ojú àti ìka ère mọ́lẹ̀.

Pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, nítorí òun ló ń dójú ti èèyàn jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara pupa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ fi pupa gidi lé e ní gbogbo ibi tó yọ síta, kí ẹ wá fi àwọ̀ ọsàn fa ìlà tínrín sí etí. Ẹ má da funfun mọ́ pupa láti mú un mọ́lẹ̀. Píńkì ni yóò dà. Àwọ̀ ewé náà, yẹ́lò ni kí ẹ fi mú un mọ́lẹ̀. Búlúù nìkan ni kì í bínú sí funfun.

Yẹ́lò kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá kùn ún sórí dúdú, ẹ ó kùn ún títí, ewé bàìbàì ló máa dà. Ẹ kun píńkì tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́ sísàlẹ̀ kí ẹ tó gbé yẹ́lò lé e, ẹ̀ẹ̀mejì á sì tó.

Funfun àti dúdú, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Ẹ má kun funfun tó jẹ́ funfun pátápátá: eérú tó mọ́ gan-an ni ìpìlẹ̀, kí funfun gidi wà ní ibi tó yọ jù nìkan. Dúdú náà, etí rẹ̀ ni ẹ fi eérú tó ṣú fà. Bí ó bá jẹ́ ìhámọ́ra, ẹ fi búlúù díẹ̀ sínú eérú náà. Bí ó bá jẹ́ aṣọ, ẹ fi àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ sí i. Ojú á mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì láìmọ ìdí.

Fún òjìji, ọ̀dà olómi tó ń ṣàn wọnú kòtò ara ère, tí àwọn akunère ń pè ní wọ́ọ̀ṣì, ni ọ̀nà tó yá jù. Òjìji aláwọ̀ ilẹ̀ yẹ pupa, yẹ́lò àti ara èèyàn. Dúdú tàbí búlúù yẹ irin àti àwọ̀ tútù. Ẹ má da á bo gbogbo ibi tó tẹ́jú, torí ó máa ń gbẹ ní àmì òbírí.

Lọ́dún 2019 ni Games Workshop, ilé iṣẹ́ tó ṣe Warhammer, gbé ọ̀dà Contrast jáde, tó ń ṣe ìpìlẹ̀ àti òjìji pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí práímà (ọ̀dà àkọ́kọ́ tí àwọn yòókù ń lẹ̀ mọ́) tó mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti ní tiwọn báyìí. Fún ẹgbẹ́ ńlá tó kún fún aṣọ jíjọ́ àti irun, ó ń gba èèyàn là. Fún ọkọ̀ ogun tí ara rẹ̀ tẹ́jú, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Kíkun wọn lọ́pọ̀

1. Ẹ fọ̀ wọ́n pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ, kí ẹ wá fọ́n práímà láti bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ní ìgbà tí òjò kò ṣú. Ẹ lè fọ́n dúdú yí ká, kí ẹ wá fọ́n funfun láti òkè nìkan: ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti wà lára wọn kí búrọ́ọ̀ṣì tó kàn wọ́n.
2. Ẹ pín wọn sí márùn-ún márùn-ún, tàbí mẹ́wàá mẹ́wàá bí ọwọ́ yín bá yá. Ogójì lẹ́ẹ̀kan náà ń pa ìfẹ́ eré.
3. Àwọ̀ kan ni kí ẹ kun lára gbogbo wọn kí ẹ tó ṣí ìgò èkejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú bọ̀ síta: ara, aṣọ abẹ́, ẹ̀wù, ìhámọ́ra, ìgbànú, ohun ìjà.
4. Òjìji, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ etí. Ní ẹ̀yìn ẹgbẹ́, ẹni kan ṣoṣo tí ọ̀tá kò ní wò kò nílò ìmọ́lẹ̀ etí rárá. Ẹ fi àkókò yẹn fún àwọn tó wà níwájú.

Búrọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 1 tàbí 2 tí ẹnu rẹ̀ mú sàn ju èyí tó tín-ín-rín bí irun lọ. Ọ̀dà ti máa ń gbẹ lórí tín-ín-rín kí ó tó dé ara ère. Ẹ má sì fi ètè mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì, nítorí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú ọ̀dà.

Ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ wọ àwọ̀ mìíràn. Ẹ yí ìpín padà fún un: àwọ̀ tó gba ìdá 10 lára àwọn yòókù lè di aṣọ ìlékè tirẹ̀. Ó ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, síbẹ̀ a rí i kíákíá.

Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé, àti fáníìṣì

Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn jẹ́ àwọ̀ kẹrin tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Kí ó yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ ní ìmọ́lẹ̀: ẹgbẹ́ tó ṣú, ilẹ̀ yanrìn tó mọ́ tàbí yìnyín, ẹgbẹ́ tó mọ́, ilẹ̀ tó ṣú. Ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé lórí koríko tútù á sọnù pátápátá. Bí ẹ bá ti yan àwọ̀ etí òbírí ìdúró, ìyẹn pẹpẹ kékeré tí ère dúró lé, dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀, kí ó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo wọn. Etí yìí nìkan lè mú kí ère tí ẹ kun ní ọdún méjì sí ara wọn jọ ọmọ ìyá kan.

Fáníìṣì tí kò dán ni kí ẹ fi parí rẹ̀, torí èyí tó ń dán máa ń tan iná padà sójú tí àwọ̀ á fi dàrú. Bí ọwọ́ bá máa ń kàn wọ́n púpọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi èyí tó ń dán bò wọ́n nítorí agbára rẹ̀, kí èyí tí kò dán wá lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kan díẹ̀ nínú èyí tó ń dán sí òkúta iyebíye àti ojú gíláàsì. Irin tó bá ti kú lábẹ́ fáníìṣì, ẹ fi fàdákà fà á ní etí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ fi ìyókù ọ̀dà tí ẹ pò fúnra yín sínú ìgò tó dé dáadáa, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára ìgò, torí ẹgbẹ́ tí ẹ pè ní pípé lónìí máa tó gba ọmọ ogun mìíràn.